Wáyà Mẹ́rin, Ọ̀nà Kan: Kí Ló Ń Jẹ́ Topology?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú bọ́ọ̀sì tẹ́ ẹ ti fi nǹkan sétí, ẹ kú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fọ abọ́, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka èyí tí a tẹ̀ sílẹ̀ torí pé dátà yín ò tó láti gbọ́ ohùn mi, mo mọ̀ yín, mo sì ti wà níbẹ̀ rí.

Ọ̀rọ̀ tòní ní orúkọ òyìnbó kan tó le díẹ̀ lẹ́nu, topology. Ẹ má tíì sá lọ. Mi ò kẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò ní yunifásítì, kámẹ́rà àti ohùn ni iṣẹ́ mi. Ohun tó jẹ́ kí n wá ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yìí kiri ni nǹkan tó ṣẹlẹ̀ sí mi ní Ọjọ́bọ̀ kan, ọjọ́ 14, oṣù Ẹrẹ́nà, ọdún 2024. Ó ṣeé ṣe kí ẹ̀yin náà má tíì gbàgbé ọjọ́ yẹn.

Yàrá mi ní Yábàá ni mo wà. Màmá mi pè mí láti Ìbàdàn, kì í ṣe lórí WhatsApp o, ìpè gidi. Mo ti mọ̀ látinú ohùn wọn pé kò dáa.

Wọ́n ní, "Dádì ẹ ṣubú ní bálùwẹ̀. A ti gbé wọn dé ọsibítù. Wọ́n ní ká san owó díẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó lè ya fọ́tò egungun."

Mo ní, "Mọ́mì, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní nọ́ńbà àkáǹtì wọn. Ìṣẹ́jú kan ni."

Ìṣẹ́jú kan! Ẹ bá mi rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo máa ń fi yangàn láàárín àwọn ọ̀rẹ́ mi pé kò sí ohun tó lè ká mi mọ́. Mo ní síìmù méjì, ilé-iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Mo ní bánkì méjì, ápù méjì. Bí ọ̀kan bá kọ̀, èkejì á gbà. Mo ṣí ápù àkọ́kọ́, àmì róbótó yẹn ń yí, ó ń yí, ó ń yí. Mo ṣí èkejì, bákan náà. Mo pa síìmù kan, mo lo èkejì, kò yí padà. Mo bọ́ síta lọ sọ́dọ̀ ọmọbìnrin tó ń ṣe POS ní ìkòríta, ó kàn na ọwọ́ sí mi: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má wulẹ̀ dé bí. Láti àárọ̀ ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò ti sí."

Ní Ìbàdàn, bàbá mi dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Màmá mi ń pè mí ní gbogbo ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, èmi náà ń sọ "ó ti ń lọ, ó ti ń lọ" bí ẹni tó ń purọ́. Ó lé ní wákàtí mẹ́ta. Ẹni tó gbà wá ni ìyá kan tó ní ṣọ́ọ̀bù níwájú ilé wa, tó ń ta mílíìkì àti ṣúgà. Owó páálí ló kó sínú láílọ́ọ̀nù, ó gun ọ̀kadà, ó gbé e dé ọsibítù. Egungun ìbàdí ló sán. Dádì ti ń rìn báyìí, ọ̀pá ni wọ́n ń lò, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ò kúrò lọ́kàn mi. Síìmù méjì àti bánkì méjì, nǹkan mẹ́rin nìyẹn. Báwo ni nǹkan mẹ́rin ṣe di òfo lẹ́ẹ̀kan náà?

Topology ni ìdáhùn. Bí mo ṣe wá yé ara mi, topology ni ọ̀rọ̀ nípa ta ló so mọ́ ta. Kì í béèrè bí wáyà ṣe nípọn tó, kò béèrè bí ọ̀nà ṣe gùn tó. Ó kàn fẹ́ mọ ibi tí nǹkan ti pàdé, àti ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí ẹ bá yọ ibì kan kúrò. Kọ̀ndọ́ danfo mọ̀ ọ́n láìlọ síléèwé. Nígbà tó bá ń pariwo "Ọ̀jọ́ta, Kẹ́tu, Máìlì 12", kò sọ iye kìlómítà fún yín, kò sọ bóyá ọ̀nà náà tọ́ tàbí ó wọ́. Èyí tó tẹ̀lé èyí ló ń sọ, ìyẹn sì tó yín láti dé ibi tẹ́ ẹ̀ ń lọ. Bí Kẹ́tu bá dí pa, ẹ mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé Máìlì 12 ti di ìṣòro.

Àwọn onímọ̀ máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ láti ìlú kan tó ń jẹ́ Königsberg, tí wọ́n ń pè ní Kaliningrad lónìí, tó sì wà lábẹ́ Rọ́ṣíà. Odò kan la ìlú náà kọjá, erékùṣù wà láàárín rẹ̀, afárá méje ló so ilẹ̀ mẹ́rin tó wà níbẹ̀ pọ̀. Àwọn ará ìlú máa ń ta á bí àlọ́ fún ara wọn: ṣé èèyàn lè rìn yí ìlú ká kó gba orí afárá kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan péré, láìtún èyíkéyìí gbà? Ní 1736, Leonhard Euler, ọmọ Switzerland tó ń ṣiṣẹ́ ní St. Petersburg nígbà náà, fi hàn pé kò ṣeé ṣe. Kò wọn odò, kò rìn kiri ìlú. Ó kàn ka iye afárá tó kan ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Márùn-ún kan erékùṣù, mẹ́ta mẹ́ta kan ilẹ̀ mẹ́ta yòókù. Ilẹ̀ tẹ́ ẹ bá gba orí afárá kan wọ̀, afárá mìíràn lẹ gbọ́dọ̀ gbà jáde, nítorí náà méjì méjì ni afárá ń lọ, àfi ibi tẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tẹ́ ẹ máa parí sí. Nígbà tí ilẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní iye tí kò ṣeé pín sí méjì dọ́gba, ọ̀rọ̀ parí. Ẹ lè fẹ àwọn afárá náà kí wọ́n gbòòrò bí pápá ọkọ̀ òfuurufú, ìdáhùn ò ní yí padà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti gún mi lára nìyẹn. Èmi ti ń rò pé nǹkan tó tóbi, tó sì lágbára, ni kì í já.

Ẹ wo Èkó tiwa. Afárá mẹ́ta ló so Erékùṣù Èkó mọ́ òkè odò: Carter, Eko àti Third Mainland. Third Mainland ló gùn jù, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 1990. Nígbà tí wọ́n ti apá kan rẹ̀ láti tún un ṣe ní oṣù Agẹmọ 2020, afárá méjì yòókù ò wó, wọn ò sì bàjẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lọ síbi iṣẹ́ ní Marina nígbà yẹn, ẹ sọ fún mi, báwo lẹ ṣe rí wọn? Wọ́n kún. Ẹrù ọ̀kan ti bọ́ sórí méjì. Ẹ rọra fi èyí sọ́kàn, mo máa padà síbẹ̀ tí a bá dé orí ọ̀rọ̀ iná.

Àwọn bàbá wa ní ọ̀nà kan ò wọjà. Mo fẹ́ràn òwe yẹn, òwe topology gan-an ni. Ìbéèrè tí mo ní ni pé, bí gbogbo ọ̀nà tó wọ ọjà bá gba orí afárá kan náà ńkọ́? Ọ̀nà mélòó lẹ ní nígbà náà?

Ẹ jẹ́ ká wá lọ sí òkun, torí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ bàbá mi wà.

Ọ̀pọ̀ wa rò pé ojú ọ̀run ni íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà, torí a ń rí másìtì, a sì ń gbọ́ nípa sátẹ́láìtì. Rárá o. Wáyà tó wà nísàlẹ̀ òkun ló ń gbé púpọ̀ jù nínú ohun tó ń lọ láti ilẹ̀ kan sí ilẹ̀ mìíràn. Fáíbà ni, dígí tó tín-ínrín bí irun orí, tí ìmọ́lẹ̀ ń sáré gba inú rẹ̀ kọjá. Níbi tí omi ti jìn, gbogbo wáyà náà pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n fi bò ó ò ju okùn tí wọ́n fi ń bomi rin ọgbà lọ. Ní Nàìjíríà, SAT-3 ló kọ́kọ́ dé, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2000 sí òkè. Fún ọdún bíi mélòó kan, òun nìkan la ní. Nígbà tó níṣòro ní 2009, Nàìjíríà, Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò ló jọ jẹ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Glo-1 àti MainOne dé, WACS àti ACE tẹ̀lé wọn. Ní oṣù Igbe 2022, Equiano ti Google gúnlẹ̀ sí Èkó, oṣù kan lẹ́yìn tó ti kan Lomé. Ẹ̀gbẹ́ kan ni mo fẹ́ gbà díẹ̀: Olaudah Equiano ni wọ́n fi sọ wáyà yẹn lórúkọ, ọkùnrin tí wọ́n jí gbé lọ́mọdé láti ilẹ̀ Ìgbò, tí wọ́n sì gbé sọdá òkun yìí kan náà nínú ọkọ̀ ẹrú. Mi ò tíì mọ bó ṣe yẹ kó rí lára mi pé orúkọ rẹ̀ ló ń gbé fídíò TikTok mi báyìí.

Ẹ padà wá. Tí ẹnikẹ́ni bá bi wá léèrè ní oṣù Èrèlé 2024, a máa sọ pé wáyà ti pọ̀, ẹ̀rù ò bà wá mọ́. Àfi bó ṣe di ọjọ́ 14 oṣù Ẹrẹ́nà tí mẹ́rin já nínú wọn lọ́jọ́ kan ṣoṣo: WACS, MainOne, ACE àti SAT-3. Kì í ṣe Èkó ni wọ́n ti já. Iwájú Abidjan ni, ní Côte d'Ivoire. MainOne sọ pé níbi tí tiwọn ti já, omi jìn tó nǹkan bíi kìlómítà mẹ́ta, nítorí náà kì í ṣe ìdákọ̀ró ọkọ̀ tàbí àwọ̀n apẹja, ó jọ pé ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun ló mì. Àfonífojì ńlá kan wà lábẹ́ omi níwájú ìlú yẹn, àwọn tó ń sọ Faransé ń pè é ní Trou Sans Fond, ìyẹn ihò tí kò nísàlẹ̀. Tí iyanrìn àti ẹrẹ̀ bá ya lulẹ̀ nínú irú àfonífojì bẹ́ẹ̀, gbogbo ohun tó bá dábùú rẹ̀ ló máa gbá lọ.

Ẹ rí i báyìí. Lórí ìwé, wáyà mẹ́rin ni, ilé-iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ni wọ́n, ọdún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n sin wọ́n. Lójú ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun, ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n. Glo-1 àti Equiano tí wọn ò já lọ́jọ́ náà, àwọn ló gbé ẹrù àwọn yòókù, bí Carter àti Eko ṣe gbé ti Third Mainland. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ti ń gba orí àwọn méjì yìí tẹ́lẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Àwọn tí kò sí níbẹ̀ wá ń sáré wá ààyè. Ọkọ̀ ojú omi tó ń tún wáyà ṣe ò pọ̀ láyé, ó gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó so gbogbo wọn padà.

Mo mọ ohun tí ẹnì kan ń rò: bánkì mi wà ní Èkó, èmi náà wà ní Èkó, kí ló kan Abidjan nínú ọ̀rọ̀ wa? Mo bi ara mi bẹ́ẹ̀ náà. Kí ápù kan tó sọ fún yín pé "owó ti lọ", ó ṣeé ṣe kó ti bá kọ̀ǹpútà tó wà ní Yúróòpù tàbí Amẹ́ríkà sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ń tọ́jú apá kan iṣẹ́ rẹ̀ sí, torí pé ó yá ju kéèyàn dá kọ̀ǹpútà tirẹ̀ ní lọ. Bẹ́ẹ̀, nígbà kan rí, ímeèlì láti Ìkẹjà sí Yábàá lè gba Lọ́ńdọ̀nù kọjá kó tó padà wálé, torí pé ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì méjì tó wà nílùú kan náà ò so mọ́ra níbì kankan nínú ìlú. Ohun tí wọ́n tìtorí ẹ̀ dá IXPN sílẹ̀ ní 2006 nìyẹn, oríta kan tí gbogbo wọn ti lè pàdé nílé. Oríta kan péré ni wọ́n fi kún un, kò sí wáyà òkun tuntun níbẹ̀, síbẹ̀ ìrìn àjò tó ti gba òkè òkun di ìrìn ẹsẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rántí pé àwọn fídíò kan ń ṣiṣẹ́ dáadáa lọ́jọ́ yẹn nígbà tí bánkì yín kọ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ̀dà fídíò wọ̀nyẹn ti wà nílé níbí.

Ọkùnrin kan wà tó ti ronú lórí èyí kí wọ́n tó bí àwọn òbí ẹlòmíràn nínú yín. Paul Baran lorúkọ rẹ̀, ilé-iṣẹ́ RAND ní Amẹ́ríkà ló ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rù bọ́ǹbù átọ́míìkì ló wà nílẹ̀ nígbà náà: bí Rọ́ṣíà bá ju bọ́ǹbù, ṣé àwọn tó kù á lè bá ara wọn sọ̀rọ̀? Ní 1964, ó ya àwòrán mẹ́ta. Èmi á fi nǹkan ilé wa ṣàpèjúwe wọn fún yín. Àkọ́kọ́ dà bí ìgbálẹ̀: gbogbo ọ̀wọ̀ ló so mọ́ ìdí kan, bí okùn ìdí yẹn bá ti já, gbogbo rẹ̀ túká. Èkejì dà bí ìgbálẹ̀ mélòó kan tí wọ́n so ìdí wọn mọ́ra. Ó sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n ìdí kọ̀ọ̀kan ṣì ni ibi tó dùn ún lù. Ẹ̀kẹta dà bí àwọ̀n apẹja. Ẹ gé ojú àwọ̀n kan, ẹ gé méjì, ẹja ò ní lè bọ́ gbogbo rẹ̀. Baran ṣe ìṣirò rẹ̀, ó rí i pé kò pọn dandan kí gbogbo èèyàn so mọ́ gbogbo èèyàn. Bí oríta kọ̀ọ̀kan bá ti ní ọ̀nà bíi mẹ́ta tàbí mẹ́rin, àwọ̀n náà á fara da ọ̀pọ̀ ìyà.

Ó dáa, ká sọ̀rọ̀ iná. Mo mọ̀ pé ẹ ti ń retí rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n bá sọ pé "grid ti ṣubú", ọ̀pọ̀ wa máa ń rò pé iná kò tó ni. Òótọ́ ni pé kò tó. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìsokọ́ra ń bẹ nínú rẹ̀ tí a kì í sọ. Àwọn wáyà ńlá tó ń gbé iná láti Kainji, Jẹ́bà, Shiroro, àti láti Egbin níbí ní Ìkòròdú, àwọn tó gbé ẹgbẹ̀rún 330 fóòtì, ibi púpọ̀ ni wọ́n ti dà bí ẹ̀ka igi ju àwọ̀n lọ. Ẹ̀ka igi ò ní ọ̀nà mìíràn. Ibi tẹ́ ẹ bá ti gé e, gbogbo ewé tó wà níwájú máa gbẹ.

Oṣù Ọ̀wàrà 2024 fi èyí hàn kedere, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwa ará Èkó ò fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ rẹ̀ torí kì í ṣe orí wa ló wó lé. Ọ̀nà iná méjì pàtàkì ló lọ sí Àríwá. Ọ̀kan gba Shiroro lọ sí Mando ní Kaduna. Èyí ti bàjẹ́ nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń ba wáyà jẹ́, àìsí ààbò ò sì jẹ́ kó rọrùn láti tún un ṣe. Èkejì gba Ugwuaji ní Enugu lọ sí Apir ní Benue. Wáyà méjì ló wà lórí ọ̀nà yẹn, kìíní àti èkejì. Ẹni tó bá ka wáyà máa sọ pé, "Ẹ má bẹ̀rù, méjì ló kù." Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n wà, inú igbó kan náà ni wọ́n jọ gbà, ìgbà kan náà ni méjèèjì sì kú. Kano, Kaduna, Àríwá-Ìlà-Oòrùn, Àríwá-Ìwọ̀-Oòrùn àti apá kan Àárín-gbùngbùn Àríwá wà nínú òkùnkùn fún ohun tó lé ní ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ ro ti ọsibítù níbẹ̀. Ẹ ro ti ẹni tó ń ta ẹja dídì.

Iná tún wá ní ìwà kan tí íntánẹ́ẹ̀tì ò ní. Bí ọ̀nà kan bá dí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn ráútà lè wá ọ̀nà mìíràn, bó bá kún jù, ìsọfúnni á lọ́ra tàbí kó sọnù, ẹ máa rí àmì róbótó yẹn tó ń yí. Iná kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí wáyà kan bá bọ́, ẹrù rẹ̀ á ya bo àwọn tó kù lójú ẹsẹ̀. Bó bá ju agbára wọn lọ, irinṣẹ́ tó ń dáàbò bò wọ́n á pa wọ́n kí wọ́n má baà jóná, ẹrù tiwọn náà á ya sórí àwọn mìíràn. Ẹnjìnnì gbogbo tó ń pèsè iná sì gbọ́dọ̀ máa yí pọ̀ bí onílù tó ń lu ìlù kan náà, ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ìlù bá ti dàrú, ẹnjìnnì á bẹ̀rẹ̀ sí í já ara wọn kúrò. Òṣogbo ni ibùdó tí wọ́n ti ń ṣọ́ ìlù yìí wà. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ni a máa ń bú, àwọn ló ń fi ọwọ́ mú igi tí ẹ̀ka rẹ̀ ò tó.

Mo fẹ́ kó ọ̀rọ̀ yìí wá sínú àpò mi báyìí, sórí síìmù méjì yẹn.

Mo bá ẹ̀gbọ́n kan tó ń tún fáíbà ṣe sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbẹ́ títì ní Yábàá ni mo ti rí i, ó jókòó sétí kòtò, ó ń so fáíbà mọ́ra bí ẹni tó ń fi òwú sí abẹ́rẹ́. Mo sọ ìtàn síìmù mi fún un, ó rẹ́rìn-ín títí.

Ó ní, "Àbúrò, másìtì tó wà lẹ́yìn ilé ẹ yẹn, ta lo rò pé ó ni ín?"

Mo ní, "Mi ò mọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ilé-iṣẹ́ síìmù mi ni, àbí?"

Ó ní, "Wọ́n ń háyà á ni. Ẹlòmíràn ló ni òpó, àwọn méjì tàbí mẹ́ta á jọ gbé irinṣẹ́ wọn kọ́ ọ. Jẹnẹrétọ̀ kan, díísù kan. Bí díísù bá tán, síìmù méjèèjì ẹ kú nìyẹn." Ó wá nawọ́ sí kòtò. "Wo ibí yìí. Fáíbà ilé-iṣẹ́ mẹ́ta ló wà níbí. Katakata kan ló gé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láàárọ̀ yìí."

Mo dúró síbẹ̀, mo ń wo kòtò yẹn bí ẹni tó rí Abidjan níwájú ilé rẹ̀.

Bánkì náà ńkọ́? Bánkì méjì ni mo ní, ṣùgbọ́n púpọ̀ jù nínú owó tó ń kúrò ní bánkì kan bọ́ sí òmíràn lójú ẹsẹ̀ ní Nàìjíríà, ojú ọ̀nà NIBSS ló ń gbà. Ìgbálẹ̀ Baran nìyẹn. Mi ò sọ pé ó burú o. Láìsí ìdí kan tí gbogbo bánkì so mọ́, ẹ ò bá máa dúró ọjọ́ mẹ́ta kí owó tó dé, bó ṣe rí láyé àwọn òbí wa. Ìgbálẹ̀ ló ń gbálẹ̀, ọ̀wọ̀ kan ò lè gbálẹ̀. Ṣùgbọ́n ó yẹ kẹ́ni tó ní ìgbálẹ̀ mọ ibi tí okùn wà.

Ní oṣù Òkúdù 2024, Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí àṣẹ kan tó sọ másìtì, fáíbà àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀ di ohun ìní pàtàkì fún orílẹ̀-èdè, tí bíbà wọ́n jẹ́ sì di ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin. Ó dáa, mo fara mọ́ ọn. Ẹni tó ń gé wáyà láti tà á, kó lọ sẹ́wọ̀n. Àmọ́ ọlọ́pàá ò lè mú ilẹ̀ tó mì nísàlẹ̀ òkun. Òfin lè dáàbò bo ọ̀nà kan, kò lè sọ ọ́ di méjì. Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n máa bi àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá, bánkì àti ọsibítù kí wọ́n tó fún wọn níwèé àṣẹ kò ju èyí lọ: ẹ ya àwòrán bí nǹkan yín ṣe so mọ́ra fún wa, kí ẹ sì fi ìka tọ́ka ibi tí ọ̀nà méjì yín ti pàdé. Iye wáyà tẹ́ ẹ ní ò kàn mí. Ó náni lówó kí wáyà kejì gba ọ̀nà jíjìn, mo mọ̀. Ìdí tí wọ́n fi ń sin ín sí kòtò kan náà nìyẹn.

Èmi náà ya tèmi. Alẹ́ ọjọ́ kan ni, mo mú bébà, mo kọ "Dádì" sí òpin kan, mo kọ "èmi" sí òpin kejì, mo wá ń fa ilà. Síìmù méjì: ilà méjì tó pàdé lórí másìtì. Bánkì méjì: ilà méjì tó tún pàdé. Ilà kan ṣoṣo ni kò pàdé ìkankan nínú wọn, èyí tó gba ọ̀dọ̀ ìyá oníṣọ́ọ̀bù kọjá. Kò nílò iná, kò nílò másìtì, Abidjan ò mọ̀ ọ́n rárá. Mo ti fi owó díẹ̀ sọ́dọ̀ wọn báyìí, owó páálí, nínú àpò ìwé tí mo kọ orúkọ Dádì sí. Mo pe ìyá náà lọ́sẹ̀ tó kọjá láti kí wọn.

Wọ́n ní, "Owó yín wà ńbẹ̀ o, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún bàbá yín kí wọ́n yéé wá yá ẹgbẹ̀rún kan kan níbẹ̀ láti ra ìwé ìròyìn."

Ẹ ya tiyín, kẹ́ ẹ fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa tàbí kẹ́ ẹ fi ohùn yín sílẹ̀ fún wa, ní pàtàkì ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Kọ́tọ̀nù àti Lomé, mo fẹ́ gbọ́ bí ọjọ́ 14 yẹn ṣe rí lọ́dọ̀ yín. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, a ó sọ̀rọ̀ nípa àwọn tó ń wa ọkọ̀ ojú omi tó ń tún wáyà òkun ṣe, àti ohun tí wọ́n ń jẹ níbẹ̀. Ó dàbọ̀ o.